“A kì í” àti “a kò tíì”: ìtàn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo

Ní 1952, Erwin Schrödinger, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel láti 1933, kọ ọ́ pé a kì í fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ṣe àyẹ̀wò. Inú èrò ọkàn nìkan la ti ń ṣe é. Tàbí ohun tó sọ ni pé a kò tíì ṣe é? Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi tí mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. “A kì í” la fi ń ka èèwọ̀. “A kò tíì” ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1973, Hans Dehmelt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle há ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan mọ́ inú òfìfo. Ní 1981, nítòsí Zurich, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ti ilé-iṣẹ́ IBM ṣe ẹ̀rọ tí kì í fojú wo nǹkan rárá. Abẹ́rẹ́ ló fi ń wá ọ̀nà, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá ṣe, àmọ́ abẹ́rẹ́ náà kì í kan ilẹ̀. Iná táṣẹ́rẹ́ ló ń fo àlàfo náà. Bí àlàfo bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà fẹ̀ sí i, iná yẹn á dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ gegele àti kòtò átọ́ọ̀mù.

Láti ibẹ̀ la ti dé inú quantum dot, yàrá kékeré tí wọ́n fi agbára iná mọ ògiri rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa lé ara wọn. Èyí tó wà nínú yàrá kì í gba èkejì láyè, àfi tí agbára iná bá tó. Ní 2005, Robert Westervelt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé abẹ́rẹ́ tó ní iná lára sókè irú yàrá bẹ́ẹ̀, nínú òtútù helium olómi. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá dúró sí ló ń pinnu bóyá ẹyọ kan wà nínú yàrá àbí yàrá ṣófo.

Schrödinger ti kú ní 1961, kò rí ìkankan nínú èyí. Òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó kọ “a kì í” sínú ìwé yín, ẹ bi ara yín: ṣé kì í ṣe “a kò tíì” ni?