Ìlú Kékeré Létí Òkun: Ìrìn-àjò mi sí Itaparica

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìbàdàn, mo sì máa ń rò pé àwọn ẹlòmíràn ni òwe náà ń bá wí. Ìgbà tí mo dé ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ponta de Areia, ní erékùsù Itaparica ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ó ń bá wí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ìlú náà wà. Salvador ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bàhíà. Àwọn Pọtogí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú gbogbo Bràsíìlì títí di 1763. Ẹnu ọ̀sà ńlá kan ni ó wà, ọ̀sà tí wọ́n fi orúkọ Gbogbo Ẹni Mímọ́ pè. Itaparica ni erékùsù tí ó tóbi jù lọ nínú ọ̀sà náà, òun àti Salvador sì kọjú sí ara wọn. Ibi ìgbafẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará Bràsíìlì mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n a lọ lúwẹ̀ẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n a jẹ ẹja, wọ́n a sì padà sí ilé. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé erékùsù yìí ni eégún Yorùbá fi ṣe ibùjókòó ní òdì kejì òkun.

Èbúté São Joaquim ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ń gbé ènìyàn àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí ọkọ̀ náà tó ṣí, mo yà sí ọjà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ èbúté. Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ mọ ọjà Bódìjà, ẹ kò lè ṣìnà níbẹ̀. Epo pupa wà nínú ìgò, edé gbígbẹ wà lórí àtẹ, ilá àti ata ń bẹ, igbá àti ìkòkò amọ̀ ń bẹ, àwọn eléwé sì ní ọ̀wọ́ tiwọn. Àkàrà tí wọ́n ń dín nínú epo pupa ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ó hàn gbangba pé igbe ìpolówó àwọn ìyá alákàrà ayé àtijọ́ ni wọ́n sọ di orúkọ oúnjẹ. Mo ra ẹyọ kan, mo jẹ ẹ́ tán kí ọkọ̀ tó gbéra. Ní nǹkan bí wákàtí kan a dé èbúté Bom Despacho ní erékùsù. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ kékeré gbé èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Bàhíà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kan, dé Ponta de Areia. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ṣóńṣó Iyanrìn. Iyanrìn náà ni mo kọ́kọ́ rí lóòótọ́, àti ọkọ̀ àwọn apẹja, àti igi fúrúùtù létí omi, bí irú èyí tí ó wà ní ọgbà àwọn ilé ìjọba àtijọ́ ní Ìbàdàn.

Báwo ni eégún ṣe dé irú ibi bẹ́ẹ̀? Ogun ni ó gbé e débẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ilẹ̀ Yorùbá dàrú. Àfọ̀njá dìtẹ̀ ní Ìlọrin, agbára Ọ̀yọ́-Ilé fọ́, ogun Òwu bẹ̀rẹ̀, ó sì ràn dé àwọn ìlú Ẹ̀gbá. Àwọn tí ogun kó ni a ń tà ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Àjàṣẹ́ àti ní Ouidah. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láti 1807, Pọtogí sì ti ṣe ìlérí ní 1815 pé àwọn kò ní ra ẹrú mọ́ ní apá àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìlérí orí ahọ́n ni. Ọkọ̀ ẹrú kò dẹ́kun gúnlẹ̀ sí Bàhíà títí di nǹkan bí 1850, oko ẹrú fúnra rẹ̀ kò sì parí ní Bràsíìlì títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún kan ìlú tiwa sí ẹ̀gbẹ́ èyí. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ jókòó sí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí Òwu ti fọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu tí Juana Elbein dos Santos kọ sílẹ̀, ní nǹkan bí 1820 ni wọ́n dá ilé eégún Vera Cruz sílẹ̀ ní Itaparica. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mocambo tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1830, Encarnação ní 1840, Tuntun sì dé ní nǹkan bí 1850. Ẹgbẹ́ kan náà ni Ìbàdàn àti àwọn ilé eégún wọ̀nyí, ogun kan náà ni ó bí wọn. Ẹni tí ó rí ẹsẹ̀ fi sáré lè bọ́ sí Ìbàdàn, ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ lè bọ́ sí Itaparica, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ìyá. Nígbà tí a bá ń pariwo Olóòlù àti Alápáńsánpá ní ìgboro Ìbàdàn, ó yẹ kí a rántí pé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan wà ní ìkọjá òkun.

Kí ni ó mú wọn yan erékùsù? Ìtàn Tuntun wúlò níhìn-ín. Wọ́n ní Áfíríkà kan tí à ń pè ní Marcos Àgbà ra ara rẹ̀ padà, ó mú ọmọ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Marcos bákan náà, wọ́n padà wá sí Áfíríkà, nígbà tí wọ́n sì ń padà lọ, wọ́n gbé eégún tí à ń pè ní Babá Olukotun dání. Ọmọ náà ni ó dá Tuntun sílẹ̀, ó sì di Alápìn-ín-ni. Ẹni tí ó lè ṣe èyí lè jókòó sí ibi tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n Salvador kò rọgbọ. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 1835, àwọn Nàgó Mùsùlùmí gbé ìjà dìde níbẹ̀, láti ìgbà náà sì ni ojú ìjọba kò ti kúrò lára ẹnikẹ́ni tí ó ń lu ìlù ní òru. Ní èrò tèmi, omi tí ó wà láàárín ìlú ńlá àti erékùsù ni odi tí wọ́n rí sá sí. Òrìṣà lè fara pa mọ́ nínú ilé. Eégún ń fẹ́ igbó, ó ń fẹ́ ìta, ó sì ń fẹ́ ohùn tí kò ní bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Síbẹ̀ ọlọ́pàá dé bá wọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n ń ya wọ ilé àwọn olórìṣà ní Bàhíà, wọ́n ń kó ìlù àti ohun ìbọ. Títí di oṣù kìn-ín-ní 1976 ni ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọdún òrìṣà ní ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní 2015 ni ìjọba àpapọ̀ Bràsíìlì fi Ọmọ Ilé Agboulá, ilé eégún tí ó wà ní Ponta de Areia, kún àwọn ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ohun tí a ń lé kiri tẹ́lẹ̀ ni a wá ń dáàbò bò.

Ilé eégún ni mo tọ̀ lọ. Ní òru, a jókòó sínú gbọ̀ngàn kan. Obìnrin wà ní apá kan, ọkùnrin wà ní apá kejì, aṣọ funfun ni ó pọ̀ jù lọ lára wọn. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Àwọn òjẹ̀ dúró pẹ̀lú ìṣan ní ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fara kan aṣọ eégún. Nígbà tí Ará Ọ̀run jáde, pẹ̀lú dígí, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, gbogbo ilé dìde. Ó sọ̀rọ̀. Ohùn eégún ni, ohùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Òjẹ̀ kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Pọtogí fún àwọn èrò, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra mi kí ó tó túmọ̀ rẹ̀: ọmọ, ilé, àlàáfíà, àṣẹ. Ìyá kan tí ó wà ní iwájú ń sunkún. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ẹni tí eégún náà dúró fún, ìyá náà mọ̀ ọ́n láyé.

Èyí ni ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé ni ó ni eégún. Oko ẹrú fọ́ ìdílé, ó ta bàbá síhìn-ín, ó ta ọmọ sọ́hùn-ún. Ní Itaparica, ilé eégún ni ó kó àwọn tí kò bá ara wọn tan jọ, ó sọ wọ́n di ọmọ ilé kan, àwọn olórí ilé náà sì di babańlá fún gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá papò dà. Àwa máa ń sọ pé wọ́n tọ́jú àṣà wa fún wa bí ẹni tọ́jú ẹrù sínú àpótí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àṣà náà tún ẹbí kọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lábẹ́ igi fúrúùtù, àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ òjẹ̀ bi mí léèrè nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ilé yín ní eégún?” Mo ní ó ní in, mo sì dárúkọ rẹ̀. Ó ní, “Báwo ni ẹ ṣe ń kì í?” Mo la ẹnu. Ìlà méjì ni ó jáde, ẹ̀kẹta kò wá. Bàbá náà dúró dè mí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mo ṣe dáadáa bí n kò ti kì í tán, pé awo kì í tú awo ní gbangba. Mo dákẹ́. N kò lè sọ fún un pé kì í ṣe awo ni mò ń pa mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi, tí ó ti gbàgbọ́, lọ sí ìlú wa ní Òkè-Ògùn, tí ó gbé ẹ̀kú ilé wa jáde, tí ó sì finá sí i lẹ́yìn ilé. Kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Ènìyàn rere ni bàbá mi. Ó gbà pé nǹkan tí yóò jẹ́ kí a rójú gbé ìgbé ayé tuntun ni òun ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró, ó ki eégún náà títí iná fi kú. Ìlà méjì tí mo mọ̀, níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn. Bódìjà ni mo ń gbé báyìí, àdúgbò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀làjú. Kò sí ìgbàlẹ̀ ní òpópónà wa.

Kí ẹ lè mọ ìwọ̀n ohun tí mo pàdánù, ẹ gbọ́ ìtàn Deoscóredes dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mestre Didi. A bí i ní Salvador ní 1917, wọ́n sì mú un wọ awo eégún ní Itaparica láti kékeré. Ní 1967 ó dé Kétu, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, Pierre Verger sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Alákétu. Kò gbọ́ Yorùbá dé ibi tí yóò fi lè báni tàkúrọ̀sọ, ṣùgbọ́n ó mọ oríkì ìdílé ìyá rẹ̀, tí àwọn ìyá rẹ̀ ti gbé lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà oko ẹrú. Ó kà á jáde. Lójú ẹsẹ̀ ni ọba mọ ilé tí ó ti wá, ìdílé Aṣípa, wọ́n sì mú un lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀. Oríkì yẹn nìkan ni ó fi wọlé. Èmi tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá, bí wọ́n bá ní kí n fi oríkì ilé wa júwe ara mi ní ẹnu ibodè, ìta ni n ó sùn.

Ó tún ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí n sinmi. Ní nǹkan bí 1960, E. L. Láṣebìkan kúrò ní Ìbàdàn, ó lọ kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ibùdó ẹ̀kọ́ tí yunifásítì Bàhíà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1959. Àwọn ọmọ ilé òrìṣà wà lára àwọn tí ó jókòó sí kíláàsì rẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ìtumọ̀ orin tí wọ́n ti há sórí. Wọ́n ní orin, wọ́n ń wá èdè. Ní kíláàsì tèmi ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ní èdè, orin ni kò sí.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ bá àbúrò bàbá mi ní Òkè-Ògùn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ní, “Ìyá, mo wá gba oríkì eégún ilé wa.” Ó wò mí títí, ó ní, “Ta ni ó rán ọ?” Mo ní ará Bràsíìlì kan ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í, mo sì ń kọ ọ́. Ó dé ibi kan, ó dúró. Ó ní ẹ̀gbọ́n àwọn tí ó ti kú nìkan ni ó mọ ibẹ̀. Ó fo ibẹ̀, ó ń bá a lọ. Ibi mẹ́ta ni ó fò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé mi, mo fi àyè sílẹ̀ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo ti kọ lẹ́tà sí bàbá òjẹ̀ ní Ponta de Areia, ọ̀rẹ́ mi sì ti bá mi túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe awo ni ó mú mi dákẹ́ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà, pé n kò mọ̀ ọ́n ni. Mo kọ èyí tí ìyá náà rántí sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, pẹ̀lú àyè mẹ́ta tí ó ṣófo.