Ta ni à ń wọn ilẹ̀ fún? Òṣùwọ̀n òjò, erùpẹ̀ àti òkúta láti Pobè dé Massè

Ẹni tí ó bá ti Pobè gba ọ̀nà Kétou lọ yóò rí i pé ilẹ̀ pupa ni òun kọ́kọ́ ń tẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ilẹ̀ yóò rọra wọ àfonífojì, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì di dúdú. Àfonífojì Issaba nìyẹn, ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí. Ní àdúgbò yìí, ní apá àríwá kọ̀múnù Adja-Ouèrè, ni Massè wà. Òjò kan náà lè rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe lórí ọ̀kan kọ́ ni ó ń ṣe lórí èkejì.

Ó ti tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ní agbègbè yìí àti ní àyíká rẹ̀. Ẹni tí ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ni mí. Kì í ṣe èmi ni mo ń ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìwé kékeré yìí ni pé kò sí òṣùwọ̀n tí ó dé láìní ìbéèrè lọ́wọ́. Ẹni tí ó rán an wá ni ó ni ìbéèrè náà, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn sì ni àkọsílẹ̀ máa ń gbé jùlọ. Nítorí náà, kí a tó fi nọ́ńbà àtijọ́ gba àgbẹ̀ Massè nímọ̀ràn lónìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni wọ́n wọn ọ́n fún?

Ìbéèrè ọ̀pẹ

Ní 1922 ni ìjọba amúnisìn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ó ń mú owó wọlé fún Dahomey nígbà náà. Lẹ́yìn òmìnira 1960, ibùdó náà kò parun. Ọwọ́ INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin, ni ó wà báyìí.

Ọ̀pẹ fẹ́ omi púpọ̀. Níbi tí ó ti ń ṣe dáadáa jùlọ, òjò ọdún kan a máa sún mọ́ 2,000 mílímítà. Òjò gúúsù Benin kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ọ̀rọ̀ òjò fi jẹ àwọn olùwádìí Pobè lógún. Ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó bá dá lọ́dún yìí lè dín iye òdòdó tí yóò di ìdì ẹyìn kù, àbùkù rẹ̀ kò sì ní hàn níbi ìkórè títí di bí ọdún méjì. Fún irú igi bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ òjò oṣù àti ti ọdún ni ó ṣe pàtàkì: mélòó ni ó rọ̀, mélòó ni ó kù kí ó tó?

Àgbàdo kò ní sùúrù ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo nígbà àkọ́rọ̀, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kò béèrè iye òjò ọdún. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá òjò tí ó rọ̀ lánàá yìí yóò ní àbúrò, tàbí òjò ẹ̀tàn ni. Bí 100 mílímítà bá rọ̀ láàrin oṣù kan, ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, kí oòrùn sì wá sun irúgbìn. Ó sì lè jẹ́ pé ó pín sí ọjọ́ méjìlá, kí oko sì tutù yọ̀yọ̀. Lójú àròpọ̀ oṣù, bákan náà ni méjèèjì. Lójú àgbẹ̀, ọ̀kan ni oúnjẹ, èkejì ni gbèsè, nítorí yóò tún ra irúgbìn mìíràn.

Ilẹ̀ tí kì í gba àlejò

Ilẹ̀ dúdú àfonífojì náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nítorí owó orí àti nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi agbára kó lọ sógun. A. I. Asiwaju sọ̀rọ̀ nípa ìdìde yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó. Ẹrẹ̀ wà lára ohun tí ó dáàbò bo àwọn ènìyàn náà. Lásìkò òjò, amọ̀ dúdú a wú, a sì di mọ́ ẹsẹ̀. Kò rọrùn fún ọmọ ogun tàbí agbowó-orí láti rìn ín.

Amọ̀ kan náà ni ó ń yọ ẹ̀rọ òde òní lẹ́nu. Sẹ́ńsọ̀ tí a fi ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú erùpẹ̀ kò rí omi lójú. Ó ń rán agbára iná díẹ̀ sínú ilẹ̀, ó sì ń wo bí ilẹ̀ ṣe dá a lóhùn. Ní òṣùwọ̀n tí a ń lò fún ìdáhùn yìí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80, erùpẹ̀ gbígbẹ wà láàrin 3 sí 5, afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 1. Bí omi bá ti pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ ni nọ́ńbà ń gòkè. Lórí ilẹ̀ pupa, iṣẹ́ yìí rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, amọ̀ dúdú a gbẹ, a sún kì, a sì là débi pé ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, kì í ṣe erùpẹ̀ mọ́. Yóò sọ pé ilẹ̀ gbẹ ju bí ó ti gbẹ lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá sì gba inú lílà náà ṣàn wọlé, yóò sọ pé ilẹ̀ ti mu omi yó, nígbà tí àárín ebè ṣì le bí òkúta.

Nítorí náà, ìlànà ìṣirò tí ó bá ilẹ̀ pupa mu kò ṣeé gbé lọ sí ilẹ̀ dúdú láìyẹ̀ ẹ́ wò. A ní láti bu erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an, kí a wọ̀n ọ́n tutù, kí a sá a gbẹ nínú ààrò, kí a tún un wọ̀n, kí a sì fi ìyàtọ̀ náà tún òṣùwọ̀n ẹ̀rọ ṣe.

Ìbéèrè òkúta

Lẹ́yìn ọ̀pẹ, ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ó kàn. Òkúta tí a ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì wà káàkiri agbègbè yìí, láti Ewekoro ní Nàìjíríà, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, dé Onigbolo ní kọ̀múnù Pobè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni sìmẹ́ńtì Onigbolo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nínú àjọṣe Benin àti Nàìjíríà.

Ìmọ̀ kan wà tí a fi ń wo inú ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ. Ní 1912 ni Conrad Schlumberger bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní oko kan ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé. A ó ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀. A ó gba méjì rán iná wọlé, a ó fi méjì yòókù wo bí ó ṣe kọjá. Amọ̀ tí ó lómi a máa jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, òkúta líle a máa dí i lọ́nà. Bí a bá ti fi àlàfo sí àárín àwọn irin tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ń rí yóò ṣe jìn tó. Ọ̀nà yìí wúlò fún ẹni tí ń wá òkúta, ó sì wúlò fún ẹni tí ń wá ibi tí yóò gbẹ́ kànga sí. Irin kan náà ni, iná kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá òkúta máa ń ka amọ̀ orí rẹ̀ sí ìdíwọ́ tí a ó kó kúrò. Amọ̀ yẹn sì ni oko.

Ìbéèrè ojú ọ̀run

Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti bí 1997, ibùdó AMMA-CATCH ti ń wọn òjò, odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ní apá òkè odò Ouémé, ní àyíká Djougou. Ní 2006, ìwádìí AMMA kó àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ jọ lórí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2010, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Nalohou, nítòsí Djougou, tí ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa ohun gbogbo mọ́ra; nígbà tí òjò bá kún inú ilẹ̀, ìwúwo omi yẹn a máa hàn lójú ẹ̀rọ náà.

Àwọn Yorùbá náà gba irú àlejò yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ìwádìí NIMEX lálejò ní 2004. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje 2016, ìwádìí DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Savè, Ilé-Ifẹ̀ àti Kumasi. Ìkùukùu tí ó máa ń bo ojú ọ̀run ní òru, tí kì í tètè tú títí oòrùn yóò fi ga, ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì wúlò fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n bí oṣù méjì ni ti 2016, Djougou sì jìnnà sí Massè. Odò Ouémé tí wọ́n ń wọ̀n lókè ń ṣàn bọ̀ títí dé Bonou, aládùúgbò Adja-Ouèrè ní ìwọ̀-oòrùn. Omi rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìbéèrè wa kò sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè Massè

N kò sọ pé kí a da àkọsílẹ̀ àtijọ́ nù. Ìwé òjò Pobè ṣeé tún kà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a má wo àròpọ̀ nìkan, láti mọ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ̀yìn àkọ́rọ̀ ṣe ń gùn tó. Àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí a yà nítorí òkúta ṣeé tún wò nítorí omi mímu. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a kò lè yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn: òṣùwọ̀n òjò ní Massè fúnra rẹ̀, nítorí òjò ìjì a máa rọ̀ ní abúlé kan kí ó fo èkejì, sẹ́ńsọ̀ tí a fi amọ̀ ibẹ̀ tún ṣe, àti ìwé tí àkọsílẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú, ní èdè tí àgbẹ̀ ń sọ.

Ètò TAHMO, tí ó ń gbèrò láti gbé 20,000 ibùdó ojú ọjọ́ kalẹ̀ ní Áfíríkà, ti fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ lè jẹ́ olùtọ́jú ẹ̀rọ. Ohun tí mo fi kún un ni pé kí a kọ àwọ̀ àti orúkọ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bí àwọn Ọ̀họ̀rí ṣe ń pè é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ẹni tí yóò ka ìwé tiwa yóò mọ iye omi tí ó wà nínú ilẹ̀, kò ní mọ irú ilẹ̀ tí ó jẹ́.