Ìtìjú tó ti wọ inú ọkàn: báwo ni wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè wọ̀n ọ́n?

Ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ìlú Accra, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1906, ni wọ́n fi sọ àdúgbò Asylum Down lórúkọ. Láti Kotobabi, ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn. Síbẹ̀, ẹlòmíì tó nílò ìtọ́jú kò ní lọ, kí ẹni mímọ̀ má baà rí i níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí orúkọ Aro ní Abẹ́òkúta ṣe ń dún létí ọmọ Yorùbá náà nìyẹn.

Nígbà tó bá yá, aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú tí ayé fi ń wò ó wo ara rẹ̀. Èyí ni ìtìjú tí àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ń gbìyànjú láti wọ̀n, nítorí ẹni tó bá ti gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan kan lè pa ìtọ́jú tì.

Gbólóhùn 30 ló wà nínú òṣùwọ̀n tí David Cook, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe. 24 nínú wọn dá lórí ìtìjú. 6 tó kù ń wo iyì tí èèyàn ní lójú ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bi yóò mú nọ́ńbà kan fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, láti 0, ìyẹn "rárá", dé 4, ìyẹn "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo". Àròpọ̀ ti ìtìjú kò lè kọjá 96. Bí ó bá tó 50, wọ́n gbà pé ẹrù náà ti wúwo. Iye yìí kì í ṣe orúkọ àìsàn o. Ó kàn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ fún dókítà ni.

Òmíràn, tí Jennifer Boyd Ritsher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2003, ní gbólóhùn 29, ó sì wà fún àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Àwọn dókítà lò ó ní Èkó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011.

Ibi ìtumọ̀ ni iṣẹ́ ti ń le. Lédè Twi, aniwu ni ìtìjú, ìyẹn "ojú kíkú". Lédè wa, ojú ló ń tini. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtìjú kì í ṣe àrùn láwùjọ wa: èébú ni kí wọ́n sọ pé èèyàn kò nítìjú. Kunya àwọn Hausa, tí wọ́n pọ̀ ní Nima àti Maamobi nítòsí Kotobabi, rí bẹ́ẹ̀ náà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ka "ojú máa ń tì mí" sí ìyá kan létí, tó sì mú 4, ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló ń sọ. Ìbéèrè tó sàn jù ni èyí tó ń wá ohun tí ìtìjú ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé kò lọ síbi ìkómọ mọ́? Ṣé ó ti yí ọ̀nà tó ń gbà lọ sọ́jà padà? Apá kan nínú òṣùwọ̀n Ritsher ń bèèrè irú rẹ̀, nípa yíyẹra fún àwùjọ.

Ẹni tó ń bèèrè tún ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ní láti ka ìwé náà fún. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àdúgbò ló gbé bírò dání, 0 lè jẹ́ ìdáhùn títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn.