Ìmọ́lẹ̀ àti Òjìji Nínú Àwòrán Mọ́sálásí: Láti Mẹ́kà dé Èkó

  

Bí a bá ń náwó sí mọ́sálásí, a máa ń ka bíríkì, a máa ń ka sìmẹ́ǹtì, páànù àti pákó. Ohun kan wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn: àwòrán rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé a máa gbó, wọ́n a máa wó o láti kọ́ òmíràn, àwòrán ni yóò sì jẹ́rìí fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó ń jẹ́rìí dáadáa. Èyí tí ẹni tí ó yà á bá mọ ìlò ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni ọmọ ọmọ wa yóò wò tí yóò fi mọ bí ilé náà ti rí gan-an. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ọwọ́ wa ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

ÒJÌJI NI AAGO ÀWỌN ÀGBÀ WA

Kí aago tó dé, òjìji ni wọ́n fi ń mọ àkókò ìrun. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí, Àìlà ti wọlé. Bí òjìji igi tí a rì mọ́lẹ̀ bá ti gùn tó igi náà fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí òjìji tí igi náà ti ní ní ọ̀sán gangan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Àlàásárì ti dé. Nínú Súrátù Fùrúkáànù, aaya 45, Ọlọ́hun pe àkíyèsí wa sí bí Òun ti ń na òjìji. Ẹni tí ó bá lè fi òjìji mọ àkókò ìrun ti mọ ìdajì iṣẹ́ ẹni tí ń ya àwòrán ilé.

YÀRÁ ṢÓKÙNKÙN IBN AL-HAYTHAM

Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Básírà ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì kú ní Káírò ní nǹkan bí 1040, kọ ìwé ńlá kan lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran, Kitāb al-Manāẓir. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ojú ni ó ń tanná sí ohun tí ó ń wò. Ó fi hàn pé láti ara nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá sínú ojú, àti pé tààrà ni ó ń rìn. Ó to àtùpà mélòó kan síwájú ihò tí ó wọ yàrá ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ààyè tirẹ̀ lára ògiri. Bí ó bá bo ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni yóò pòórá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà rí títí di òní: àpótí tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú kan ṣoṣo wọ̀.

Ó tó 800 ọdún lẹ́yìn náà kí a tó rí ẹni tí ó mú ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró sójú kan. Ní 1826 tàbí 1827, Nicéphore Niépce, ará Faransé, ya àwọn ilé tí ó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀. Àwòrán náà pẹ́ kí ó tó jáde, ọ̀pọ̀ wákàtí ni, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi yípo, tí ó sì ràn sí ẹ̀gbẹ́ ilé méjèèjì. Ojú ènìyàn kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ ni: bí ìmọ́lẹ̀ bá dọ́gba níbi gbogbo, ìrísí ilé a sọnù. Òjìji ni ó ń ya igun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

SADIQ BEY NÍ MẸ̀DÍNÀ ÀTI MẸ́KÀ

Ní 1861, Muhammad Sadiq Bey, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Íjíbítì tí ó tún mọ ilẹ̀ wọ̀n, rin ọ̀nà tí ó ti èbúté al-Wajh lọ sí Mẹ̀dínà láti wọ̀n ọ́n. Ó gbé kámẹ́rà mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ya mọ́sálásí Ànábì. Ní 1880 ó tún lọ, gẹ́gẹ́ bí akápò àwọn alálàájì Íjíbítì, ìgbà náà ni ó sì ya Mẹ́kà àti Káábà. Ní 1881, ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní Venice fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà rọrùn. Gíláàsì ni fíìmù ìgbà náà. Ayàwòrán a da oògùn sí i lára, a fi í sínú kámẹ́rà ní tútù, a yà á, a sì fọ̀ ọ́ nínú àgọ́ ṣókùnkùn kí ó tó gbẹ. Nínú oòrùn Mẹ́kà ni! Ìṣòro ìmọ́lẹ̀ tún wà níbẹ̀. Aṣọ dúdú ni Káábà wọ̀, àgbàlá tí ó yí i ká sì ń kọ mànà nínú oòrùn. Bí ayàwòrán bá dúró pẹ́ kí aṣọ náà lè hàn, àgbàlá a funfun jù. Bí ó bá tètè pa kámẹ́rà dé nítorí àgbàlá, Káábà a di òkùnkùn lásán. Ó ní láti mọ wákàtí tí àwọn méjèèjì yóò fi bára mu.

Nínú àwòrán rẹ̀ a rí Káábà láàárín, a sì rí àwọn òpó àti òrùlé róbótó kéékèèké ayé ìjọba Ọ̀tọ́mànì tí wọ́n yí àgbàlá ká. Láti 1955 ni ìjọba Saudi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ Haram lójú, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí ó yí i ká ni kò sì sí mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn alálàájì ayé àtijọ́ dúró sí kírun, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ wò.

ÈKÓ TIWA

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́sálásí tí oníṣòwò ńlá nì, Mohammed Shitta, fi owó rẹ̀ kọ́ sí Èkó. Níbi ayẹyẹ náà ni Sultan Tọ́kì ti fi oyè Bey ránṣẹ́ sí i, irú oyè kan náà tí Sadiq ní. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí àwọn Àgùdà ń ṣe: òdòdó, òpó àti etí fèrèsé tí wọ́n fi àpòrọ́ yọ síta lára ògiri. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú kọlu irú ògiri bẹ́ẹ̀, a pẹlẹbẹ bí ìwé. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, òdòdó kọ̀ọ̀kan a ju òjìji tirẹ̀ sílẹ̀, a sì rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wa.

Mọ́sálásí Àpapọ̀ Èkó àtijọ́, tí wọ́n kọ́ láàárin 1908 sí 1913, kò sí mọ́. Wọ́n wó o, tuntun tí wọ́n ṣí ní 1988 ni ó wà ní ipò rẹ̀. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà kò lè fọwọ́ kan ògiri ti àkọ́kọ́. Àwòrán nìkan ni ó lè fi mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí tí à ń náwó sí lónìí, ẹ jẹ́ kí á yà á láti ìpìlẹ̀ títí dé òrùlé, láti ojú kan náà, ní wákàtí kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, apá ìlà oòrùn tí ó yà díẹ̀ sí àríwá ni a ń kọjú sí kírun. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí ó wà lódìkejì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láàárọ̀, iwájú rẹ̀ wà nínú òjìji. Láti ìgbà Àlàásárì ni oòrùn ń bọ̀ wá kí i. Ẹni tí ó bá kírun tán, kí ó mú kámẹ́rà tàbí fóònù rẹ̀, àkókò ti tó nìyẹn. Kí a kọ ọjọ́ àti ọdún sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ.