Ìmọ̀ràn Tí Ó Fa Kíkọ́ UCH

Aláìsàn tí a bá gbé láti Ṣáṣá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní UCH yóò gba Òjòó, yóò sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó dé ibẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tí ń tọ ọ̀nà náà ni ó mọ̀ pé ìmọ̀ràn àlejò ni ó fa kíkọ́ ilé ìwòsàn ọ̀hún.

Ní 1948 tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò sọ bóyá ilé ìwòsàn kan tó kọ́ dókítà. Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtu, ni a nawọ́ sí. A tún un ṣe, a fi kún ohun èlò rẹ̀, a sì rò pé ó parí.

Ní 1951 ni ìgbìmọ̀ kan dé, Dókítà T. F. Hunt ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni olórí wọn. Wọ́n yẹ Adéọ̀yọ́ wò, wọ́n ní kò tó. Hunt kò mú owó ilé kíkọ́ wá, kò sì láṣẹ lórí ìjọba. Ṣùgbọ́n oyè tí gbogbo ènìyàn ń wá wà lọ́wọ́ àwọn tí ó rán an níṣẹ́. Ọlọ́jà tí ó mọ̀ pé oníbàárà kò lè ṣe aláìrà kì í pariwo ọjà. Bí ìjọba bá kọ̀, àwọn ọmọ yóò máa wọ ọkọ̀ òkun lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìjọba gbà. A ṣe òfin UCH ní 1952, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1953, a sì ṣí i ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá 1957 pẹ̀lú ibùsùn 500.

Èrè ńlá ni. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí Hunt fi wọn Adéọ̀yọ́ kì í ṣe ìwọ̀n aláboyún Yemẹtu. Ẹ̀kọ́ ni ó wá yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ó rán an láti bi àwọn aláìsàn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, àti iye tí agbára wọn ká.

Ní 1962 ni Yunifásítì Ìbàdàn bọ́ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní oyè tirẹ̀. Adéọ̀yọ́ tí wọ́n ní kò tó kò ti ilẹ̀kùn. Títí di òní ni àwọn obìnrin Ìbàdàn ń bímọ níbẹ̀.