Kula
Kula ni ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand àti àwọn aládùúgbò wọn ní Papua New Guinea, nínú èyí tí ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi ìkarahun pupa ṣe ń yí bí ọwọ́ aago láti erékùṣù dé erékùṣù, tí ẹ̀gbà ọwọ́ funfun sì ń gba òdìkejì bọ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbà yìí kò gbọdọ̀ dì í mú pẹ́ títí, nítorí orúkọ àwọn tó ti ní in rí ló ń bu iyì kún un, kì í ṣe ìwúlò rẹ̀ (ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ṣeé wọ̀). Kò sí dúnàá-dúrà nínú kula; ti gimwali, ìyẹn òwò lásán, nìyẹn. Bronisław Malinowski, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, tẹ ìwé jáde nípa kula ní 1922. Ní 1925, Marcel Mauss ará Faransé fi kula ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀bùn a máa di gbèsè lọ́rùn ẹni tó gbà á.