Ẹmu, Ooru àti Ọ̀nà: Ìtàn Iṣẹ́ Adẹ́mu ní Ilẹ̀ Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bí Jámánì àti àríwá ilẹ̀ Faransé, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni àwọn tó ń ṣe ọtí wáìnì ń ká èso àjàrà, wọn a sì fi omi rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbá tútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó di ọtí, nítorí pé òtútù kì í jẹ́ kí ìwúkàrà inú rẹ̀ yára ṣiṣẹ́. Èyí tó bá dára nínú ọtí náà lè wà nínú ìgò fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀, níbi tí ooru kì í ti í dín púpọ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹmu ni ọtí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fún ọmọ ènìyàn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá a, ṣùgbọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Àìlèdúró yìí ni ó pinnu ẹni tí yóò mu ún, ọ̀nà tí yóò gbà dé ọjà, àti ohun tí wọn yóò sọ ọ́ dà bí kò bá tètè rí ẹni rà á, òun náà ni ó sì la ìtàn iṣẹ́ adẹ́mu já ní agbègbè náà.

Odò Ògùn ni ó pín agbègbè yìí sí méjì bí ó ti ń sọ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó: Ifọ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Mòwé àti Ìbàfò, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, sì wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ àwọn Àwórì àti àwọn Ẹ̀gbá ni, àwọn Ẹ̀gbá sì ń dá abúlé oko sílẹ̀ níbẹ̀ síwájú sí i lẹ́yìn tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀pẹ ń hù sí, àbàtà etí odò sì ni ti ògùrọ̀, igi tí ó jọ ọ̀pẹ ṣùgbọ́n tí imọ̀ rẹ̀ gùn ju ti ọ̀pẹ lọ fíìfíì, tí wọ́n sì ń rí iko lára rẹ̀. Igi méjèèjì ń fúnni ní ẹmu, ọgbọ́n tí wọ́n sì ń dá sí wọn kò rí bákan náà.

Ẹni tó fẹ́ dá ẹmu ọ̀pẹ yóò fi igbà, okùn líle tí ó yí ìdí rẹ̀ àti ara igi ká, gun igi náà dé orí, yóò gé imọ̀ tó dí i lọ́nà, yóò wá ìtànná akọ tí kò tíì là, yóò sì gé orí rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè máa ro sínú akèrègbè tí ó so mọ́ ọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò tún gùn ún láti gbé èyí tó ti ro, tí yóò sì fi ọ̀bẹ mímú fá ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé bí ojú ọgbẹ́ bá gbẹ, omi kò ní wá mọ́, bí ọ̀bẹ bá sì wọlé jù, ìtànná náà yóò tètè tán. Ti ògùrọ̀ le ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi náà ń tanná láyé rẹ̀, tí ó bá sì ti so èso, ó kú nìyẹn. Adẹ́mu ní láti mọ ìgbà tí igi fẹ́ tanná, kí ó gé e ní ṣóńṣó orí, kí ó sì máa gba omi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí igi yóò fi gbẹ. Bí ó bá tètè gé e, omi kò ní pọ̀, bí ó bá pẹ́, oúnjẹ tí igi ti kó jọ láti ọdún pípẹ́ yóò ti lọ sínú èso. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn tó ní i sí aláìmọ̀wé lásán.

Omi dídùn ni ohun tó ń jáde lára igi, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ ni ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà náà di ọtí, òun ló sì ń fa ìfófòó tí a ń rí. Láàárín ọjọ́ kan, agbára ọtí rẹ̀ lè dé ìdá 3 sí 5 nínú 100, ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà tí ń mú nǹkan kan kò sinmi: bí ilẹ̀ bá tún fi ṣú tí ó mọ́, ẹmu náà yóò ti máa di ọtí kíkan.

Nítorí náà, ọtí àdúgbò ni ẹmu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni wọ́n ń tà sílẹ̀ fún Ògún, òun ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdáná, òun sì ni èèwọ̀ àwọn ọlọ́bàtálá, nítorí ìtàn ìṣẹ̀dá kan sọ pé ẹmu ló pa Ọbàtálá nígbà tí Olódùmarè rán an láti wá dá ilé ayé. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìwé rẹ̀, *The Palm-Wine Drinkard*, tí ó jáde ní 1952, ka orí ikú adẹ́mu kan tí ó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963. Ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ fún àwọn tó ń fi igbà jẹun.

Rélùwéè ni ó kọ́kọ́ yí ìṣirò padà. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní Èkó. Ojú irin náà gba Agége àti Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, kí wọ́n tó tún la ẹ̀ka kan láti Ifọ̀ gba Ìlaró lọ sí Ìdógò. Ohun tí alárù yóò fi odindi ọjọ́ rù lè dé Èkó láàárín wákàtí díẹ̀, ẹmu òwúrọ̀ sì lè bá ará Èkó kí ó tó kan.

Èyí tí kò bá rí ọkọ̀ wọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá gbé ẹmu tó ti kan kaná, tí wọ́n sì jẹ́ kí oru gbígbóná rẹ̀ gba inú páìpù tó rì sínú omi tútù, ohun tí yóò máa kán jáde ni ògógóró, tí kì í bàjẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, sodabi ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye ní 1919 kò gbà kí ọmọ Áfíríkà pọn irú ọtí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọlọ́pàá fi ń lé àwọn apọntí káàkiri àbàtà láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí jíìnì láti òkè òkun ń wọlé lábẹ́ owó ibodè. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláìní di ẹ̀ṣẹ̀.

Bíà Star, tí wọ́n kọ́kọ́ pọn ní Èkó ní 1949, mú ọtí mìíràn tó lè dúró wọ ọjà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ẹmu yóò fi dúró. Ní ilé ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, nítòsí ìlú Benin, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì fi ooru pa ohun tí ń mú un kan, gẹ́gẹ́ bí Louis Pasteur ti ṣe fún wáìnì ní àwọn ọdún 1860. Ẹmu inú ìgò náà pẹ́, ṣùgbọ́n ìfófòó rẹ̀ lọ, adùn rẹ̀ sì yí padà, nítorí pé ìwúkàrà tó wà láàyè jẹ́ ara ohun tí ẹni tó mọ ẹmu ń wá nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Mòwé àti Ìbàfò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó yá jù lọ lọ sí Èkó, èyí tí ì bá sì ṣe adẹ́mu láǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbé ẹmu jáde ló ń gbé ènìyàn wọlé. Ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ ibùdó rẹ̀ nítòsí Mòwé ní 1983, ìjọ Mountain of Fire náà kọ́ ìlú àdúrà sí ìhà Ìbàfò, àwọn tí owó ilé Èkó ń ni lára sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀pẹ wó, wọ́n sì ń fi yanrìn dí àbàtà. Ẹmu tí ó kù ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn kan a sì po omi àti sákárínì mọ́ ọn kí ó lè pọ̀. Ọdọọdún ni Odò Ògùn ń kún dé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n parí ní 1983, sílẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ibẹ̀ ń rì, ṣùgbọ́n ògùrọ̀ lè fi oṣù púpọ̀ dúró nínú omi. Ó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi àbàtà tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún un.